Òdiwọ̀n ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀: ohun tí òfin sọ, àti ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n

Carlisle ni ìlú ńlá tí ó gbẹ̀yìn ní ilẹ̀ England fún ẹni tí ó bá ń gba ìhà ìwọ̀-oòrùn wakọ̀ lọ sí Scotland. Ká sọ pé awakọ̀ kan mu bíà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 60 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró ní Carlisle, tí kò sì sí àmì pé ọtí ti ń da ìwakọ̀ rẹ̀ rú, yóò máa bá tirẹ̀ lọ, nítorí pé 80 ni òfin England fi ṣe gbèdéke. Bí ó bá wakọ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, tí ó kọjá ẹnubodè ní Gretna, tí wọ́n sì dá a dúró níbẹ̀, ó ti di arúfin, nítorí pé 50 ni òfin Scotland fàyè gbà láti ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ara kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, títì kan náà ni.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Britain, tí wọ́n máa ń ti London tàbí Manchester lọ sí òde àríyá ní Glasgow, mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi kọ àlàyé yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnubodè kan lọ. Ní Nàìjíríà, òdiwọ̀n tí òfin wa fi lélẹ̀ le ju ti England lọ, ó sì le ju ti ìpínlẹ̀ mọ́kàndínláàádọ́ta nínú àádọ́ta ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì lè máa gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó fún ogún ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó fẹ́ èémí sí ẹ̀rọ rí. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí nọ́ńbà kan fi ń gba ẹ̀mí là ní ibì kan, tí ó sì jẹ́ inkí lásán lórí ìwé ní ibòmíràn, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń wọ̀n.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń wọ̀n

Bí ènìyàn bá mu ọtí, ògidì ọtí inú rẹ̀ kì í dúró kí oúnjẹ dà kí ó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Láti inú ikùn àti ìfun kékeré ni ó ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e dé gbogbo ibi tí omi wà nínú ara, títí kan ọpọlọ. Iye gíráàmù ògidì ọtí tí ó wà nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni àwọn aṣòfin ń wò. Bí ó bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù kan, Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìlera Àgbáyé yóò kọ ọ́ ní 0.05, Britain yóò kọ ọ́ ní mílígíráàmù 50, Jámánì àti Sweden, tí wọ́n ń fi ẹgbẹ̀rún ṣírò, yóò sì kọ ọ́ ní 0.5. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹni tí kò bá fiyè sí i yóò rò pé òfin Jámánì fàyè gba ọtí ní ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí Nàìjíríà fàyè gbà, nígbà tí ó jẹ́ pé òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Nínú àlàyé yìí, ọ̀nà ti àkọ́kọ́ ni n óò máa lò.

Ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń fẹ́ èémí sí kò gba ẹ̀jẹ̀ kankan lára rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ó ṣeé gbára lé ni pé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, díẹ̀ nínú ọtí inú rẹ̀ a máa bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ mí síta, ní ìwọ̀n tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Òfin Britain gbà pé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2,300 ti inú èémí. Amẹ́ríkà gbà pé ìlọ́po 2,100 ni. Ìdí nìyẹn tí mílígíráàmù 80 inú ẹ̀jẹ̀ fi di máíkírógíráàmù 35 nínú mílílítà 100 èémí nínú ìwé òfin England. Nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó wá láti ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀rọ náà ń dúró dè, kí awakọ̀ máa lá súìtì, kí ó jẹ orógbó, kí ó fi omi yọ ẹnu, kò yí nǹkan kan padà. Òórùn ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ń bò mọ́lẹ̀, wọn kò kan ọtí tí ó ti wọ ẹ̀jẹ̀.

Bákan náà ni kò sí ohun tí ń lé ọtí jáde kíákíá. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, bí ó sì ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò máa ṣe é: nǹkan bíi 0.015 ní wákàtí kan lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kọfí gbígbóná, omi tútù tí a dà sórí, ọbẹ̀ ata, tàbí oorun ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí àga ọkọ̀ lè mú kí ojú ènìyàn là, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè mú ẹ̀dọ̀ yára. Ẹni tí ojú rẹ̀ là tí ọtí sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léwu ju ẹni tí oorun ń kùn lọ ní ọ̀nà kan: ó dá ara rẹ̀ lójú.

Ní ọdún 1932 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Sweden kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Erik Widmark tẹ ìṣirò kan jáde tí àwọn ilé ẹjọ́ ṣì ń lò títí di òní. Ó ní kí a mú ìwọ̀n ògidì ọtí tí ènìyàn mu, kí a fi ìwọ̀n ara rẹ̀ pín in, kí a sì ṣe àtúnṣe fún bí omi ṣe pọ̀ tó nínú ara, nítorí pé omi inú ara obìnrin sábà máa ń kéré sí ti ọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí a fi ìgò bíà tiwa ṣe é. Ìgò ńlá tí a ń mu ní Nàìjíríà gba sẹ̀ǹtílítà 60. Bí agbára ọtí inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà 30 ògidì ọtí ni ó wà nínú ìgò kan, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó gíráàmù 24. Bí ọkùnrin tí ó wọn kìlógíráàmù 70 bá mu ìgò kan yìí kíákíá láìjẹun, ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè súnmọ́ 0.05. Bí obìnrin tí ó wọn kìlógíráàmù 60 bá mu ún, ó lè dé 0.07.

Ìgò kan ṣoṣo nìyẹn. Lóòótọ́, ìṣirò ni: bí ènìyàn bá ti jẹ ẹ̀bà kí ó tó mu ún, tàbí tí ó bá fi wákàtí méjì mu ún, yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbọ́ tí ẹnì kan tí ó fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sílé láti òde ìnáwó ń sọ pé, “Ìgò méjì péré ni mo mu, ọtí kò pa mí,” kí a mọ̀ pé òótọ́ ni ó lè máa sọ nípa bí ara rẹ̀ ṣe rí, síbẹ̀ kí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti kọjá ohun tí òfin Nàìjíríà gbà. Òfin kò béèrè bóyá ọtí ń pa á.

Bí nọ́ńbà ṣe wọ inú òfin

Kí nọ́ńbà tó dé, ohun tí ilé ẹjọ́ ń béèrè nìyẹn gan-an. Ọlọ́pàá yóò sọ pé ojú ọ̀gbẹ́ni náà pọ́n, pé ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà yóò ní kí ó rìn lórí ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ yóò wá dìde láti sọ pé àárẹ̀ ni, pé bí ó ṣe máa ń rìn nìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ ọtí gbé, tí ó ti mu ún pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, yóò lọ lómìnira, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé bíréèkì lásìkò mọ́. Norway ni orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ já okùn yìí. Ní ọdún 1936 ó kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti kọjá 0.05 ti jẹ̀bi, bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ranlẹ̀ tó. Sweden tẹ̀lé e ní 1941 pẹ̀lú 0.08, ó sọ ọ́ di 0.05 ní 1957, ó sì mú un wálẹ̀ sí 0.02 ní 1990. Norway náà dé 0.02 ní 2001.

Ní Amẹ́ríkà, Robert Borkenstein, tí ó ń bá ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Indiana ṣiṣẹ́, ni ó ṣe ẹ̀rọ èémí tí ọlọ́pàá lè lò fúnra rẹ̀, ní ọdún 1954. Lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Grand Rapids ní Michigan, wọ́n wọn èémí àwọn awakọ̀ tí wọ́n ní ìjàm̀bá, wọ́n sì wọn ti àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń gba ojú ọ̀nà kan náà lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní 1964, fi hàn pé bí ọtí ṣe ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ewu ìjàm̀bá kì í gun òkè ní ìṣísẹ̀ kan náà. Bí ó bá ti dé ibì kan, fífò ni ó ń fò. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ìjọba Britain gbára lé nígbà tí ó yan 0.08.

Barbara Castle ni mínísítà ètò ìrìnnà tí ó gbé òfin náà kọjá ní 1967. Òun fúnra rẹ̀ kì í wakọ̀, àwọn ọkùnrin kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé èyí. Àwọn tí ń ta ọtí bínú sí i, wọ́n ní ó fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Ó dúró gbọn-in. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn awakọ̀ fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, iye àwọn tí ń kú lójú pópó sì wálẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Òdiwọ̀n tí obìnrin yìí fi lélẹ̀ kò tíì yí padà ní England láti ìgbà náà. Nígbà ayé tirẹ̀, òfin akin ni. Lónìí, kò sí ibòmíràn ní Yúróòpù tí òdiwọ̀n rẹ̀ ga jù ú lọ.

Ti Amẹ́ríkà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbànújẹ́ àwọn òbí ni ó sì tì í. Ní ọdún 1980, ní California, awakọ̀ kan tí ó ti mutí yó pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìyá ọmọ náà, Candace Lightner, dá ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí ń bá ọtí àti ìwakọ̀ jà sílẹ̀, tí a mọ̀ sí MADD. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí ìjọba àpapọ̀ dá owó títì dúró fún ìpínlẹ̀ tí ó bá kọ̀ láti mú òdiwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ sí 0.08. Ní 2004, gbogbo ìpínlẹ̀ ti gbà. Utah nìkan ni ó tún lọ síwájú, tí ó sọ tirẹ̀ di 0.05 ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2018. Kí àwọn ará wa tí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní Houston àti káàkiri sì rántí pé 0.08 kọ́ ni tiwọn: 0.04 ni òfin fún ẹni tí ó bá ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo ní Amẹ́ríkà.

Láti òdo dé 0.08

Ní Hungary, Romania, Slovakia àti Czech, òdo ni. Poland, Norway àti Sweden dúró sí 0.02, Japan àti India sí 0.03. Ọ̀pọ̀ Yúróòpù, Australia, South Africa àti Nàìjíríà wà ní 0.05, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn fún gbogbo awakọ̀, tí ó sì fi kún un pé kí ti àwọn ọ̀dọ́ àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ má ṣe kọjá 0.02. Ghana, England àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà wà ní 0.08.

Ìtàn orílẹ̀-èdè ni ó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ yìí, kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ wo Jámánì. Nígbà tí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ tún di ọ̀kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990, òdo ni òfin ìlà-oòrùn, 0.08 sì ni ti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì jẹ́ kí òfin méjèèjì máa wà lọ nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo títí ọdún 1992 fi parí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ di 0.08, kí ó tó wá di 0.05 ní 1998. Àwọn ará ìlà-oòrùn tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí kí wọ́n tó wakọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ní òmìnira láti mu ún, ara wọn kò sì yí padà láti alẹ́ ọjọ́ kan sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Japan ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ohun tí ó ṣe bá ìgbé ayé wa mu ju bí a ti lè rò lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, lórí afárá kan ní ìlú Fukuoka, awakọ̀ kan tí ó ti mu ọtí kọlu ọkọ̀ ìdílé kan láti ẹ̀yìn, ọkọ̀ náà já sínú òkun, ọmọdé mẹ́ta sì kú. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà gbọ̀n rìrì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n tún òfin ṣe kí ìjẹ̀bi má baà dúró sórí awakọ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá yá ẹni tí ó ti mu ọtí ní ọkọ̀, ẹni tí ó bá bu ọtí fún ẹni tí ó mọ̀ pé yóò wakọ̀, àti ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ náà tí ó ní kí ó gbé òun, gbogbo wọn ni ó lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Ẹ fi òde òwàm̀bẹ̀ wò ó. Olóde tí ó ń pín bíà kiri, tí ó sì mọ̀ pé ẹni tí òun ń rọ ọtí fún ni ó ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí yóò gbé ìyàwó àti ọmọ lọ sílé, kò ní lè sọ ní Japan pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a máa kó olóde lọ sí kóòtù. Mo fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn kan ti rò ó dé ibẹ̀.

Ní Brazil, òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, tí wọ́n tún mú le ní 2012, kò fàyè gba ọtí rárá, ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti fẹ́ èémí yóò san owó ìtanràn kan náà pẹ̀lú ẹni tí ẹ̀rọ mú, wọn yóò sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé ibi tí òfin bá ti jẹ́ kí kíkọ̀ pọ́nni lé ju fífẹ́ lọ, gbogbo ọlọ́tí ni yóò máa kọ̀.

Ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n

Nígbà tí Scotland mú tirẹ̀ wálẹ̀ láti 0.08 sí 0.05, gbogbo ènìyàn ni ó retí pé ìjàm̀bá yóò dínkù. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Glasgow fi iye ìjàm̀bá Scotland wé ti England àti Wales, níbi tí òfin kò yí padà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ìparí ọdún 2018. Wọn kò rí ìdínkù kankan tí wọ́n lè sọ pé òfin tuntun ni ó mú un wá. Àwọn fúnra wọn ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àyẹ̀wò tí ó yẹ kí ó gbe òfin náà lẹ́sẹ̀ kò tó. Ní Britain, ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ tí ó wù ú dúró, ṣùgbọ́n kò lè ní kí awakọ̀ fẹ́ èémí àfi bí ó bá fura pé ó ti mu ọtí, tàbí tí awakọ̀ náà rú òfin ìrìnnà, tàbí tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wakọ̀ lè kọjá ní gbogbo alẹ́ Sátidé.

Ẹ wá wo ìpínlẹ̀ New South Wales ní Australia. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, òfin fún ọlọ́pàá ibẹ̀ láṣẹ láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni dúró, yálà wọ́n fura sí i tàbí wọn kò fura, kí wọ́n sì ní kí ó fẹ́ èémí. Wọn kò fara pamọ́. Ọkọ̀ ńlá wọn wà ní gbangba, níbi tí gbogbo awakọ̀ yóò ti rí i, tí wọn yóò sì lọ ròyìn rẹ̀ ní ilé ọtí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún awakọ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò ní ọdún àkọ́kọ́. Ikú ojú pópó wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Òdiwọ̀n wọn ti wà ní 0.05 fún ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, nítorí náà kì í ṣe nọ́ńbà tuntun ni ó ṣe é. Ohun tí ó yí padà ni pé olúkúlùkù tí ó di ìgò mú mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun pàdé wọn kí òun tó délé.

N kò sọ pé nọ́ńbà kò wúlò. Ní Utah, iye ìjàm̀bá tí ó la ikú lọ, bí a bá fi wé bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ tó, fi ìdá 19.8 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù ní 2019, ọdún àkọ́kọ́ òfin tuntun, sí ti 2016, nígbà tí ìyókù Amẹ́ríkà dínkù ní ìdá 5.6 péré. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀, tí gbogbo ìlú sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn kan yóò yí ìwà padà kí ọlọ́pàá tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú a máa tutù, ẹ̀rọ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì ni kì í jẹ́ kí a gbàgbé.

Gáréèjì tiwa

Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣáájú, nítorí ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí ó ń rí ní ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. Ẹ̀rọ èémí wà lọ́wọ́ àjọ náà. Ní ìparí ọdún, nígbà tí ìpolongo bá gbóná, wọ́n máa ń gbé e lọ sí gáréèjì, àwọn oníròyìn a sì ya fọ́tò. Owó ìtanràn ẹni tí ó bá fi ọtí wakọ̀ nínú ìwé ẹ̀sùn tí àjọ náà ti ń lò láti ọdún pípẹ́ jẹ́ ₦5,000. Ní England, ẹni tí ó bá jẹ̀bi ẹ̀sùn kan náà kò ní wakọ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, ó sì lè fi oṣù mẹ́fà jura.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó ìtanràn ni ó ń dùn mí jù. Ẹni tí ó bá ti dúró ní gáréèjì ńlá ní kùtùkùtù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó kún, àwọn tí ń ta paraga ti gbé igbá kalẹ̀. Epo igi, egbò àti ewé ni wọ́n rẹ sínú ìgò, ògógóró ni wọ́n sì fi rẹ ẹ́ dípò omi. Ẹni tí ó mu ún kò gbà pé òun mu ọtí. Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni, oògùn ẹ̀yìn dídùn ni, oògùn òtútù ni, ó sì jẹ́ òótọ́ pé ẹ̀yìn ń dun ẹni tí ó jókòó ti ìdarí ọkọ̀ láti aago márùn-ún ìdájí títí di alẹ́ nítorí owó ojúmọ́ tí ó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀. N kò bá a jà. Ohun tí ó ṣòro ni pé kò sí àmì lára ife náà tí ó sọ bí agbára ọtí inú rẹ̀ ṣe tó, nítorí náà kò sí bí ó ṣe lè ka iye tí ó mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ pa òfin mọ́.

Ọtí inú ọ̀rá tilẹ̀ ṣeé ṣírò. Ọ̀rá tí ó gba mílílítà 30, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40, ní gíráàmù mẹ́sàn-án àtààbọ̀ ògidì ọtí nínú. Bí awakọ̀ bá fi eyín ya ọ̀rá mẹ́ta, ó ti ju ìgò bíà ńlá kan lọ, kò sì tíì gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí wà lára ìdí tí àjọ NAFDAC, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọlá Adéyẹyè, fi bá àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́tí ṣe àdéhùn ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 pé wọn yóò fi díẹ̀díẹ̀ jáwọ́ nínú ọtí inú ọ̀rá àti ìgò kékeré. Nígbà tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin ṣẹ ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ilé iṣẹ́ fárí ga, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún un síwájú di ìparí ọdún 2025. Àwọn tí ó tako òfin náà ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo awuyewuye náà, ọmọdé ni a ń sọ ṣáá; díẹ̀ ni mo gbọ́ nípa ẹni tí ó ń wa èrò méjìdínlógún lọ sí Oǹdó.

Èrò tèmi ni pé gáréèjì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú títì. Ọkọ̀ kì í jáde ní gáréèjì láìjẹ́ pé ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, tí ó já ìwé fún un. Ẹni tí ó lè dúró síbẹ̀ láti gba owó lè dúró síbẹ̀ láti na ẹ̀rọ èémí sí i. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ gbogbo awakọ̀, kí ó má baà di pé ẹni tí alága kò fẹ́ràn nìkan ni a ń yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá kọjá òdiwọ̀n kò ní wakọ̀ ní òwúrọ̀ náà. Elòmíràn yóò gba ipò rẹ̀ nínú ìlà, òun yóò sì dúró títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́. South Africa fi 0.02 sílẹ̀ fún àwọn tí ń wa èrò, ó sì yẹ kí a ronú sí i fún tiwa.

Ẹ rántí ìṣirò Widmark, kí ẹ sì wo awakọ̀ kan tí ó wọn kìlógíráàmù 70, tí ó parí iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀, tí ó jókòó ti bíà láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, tí ó sì mu ìgò ńlá mẹ́rin láàárín wákàtí mẹ́rin náà. Gbogbo ọtí tí ó mu tó láti gbé e dé nǹkan bíi 0.20. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìgò àkọ́kọ́, ó ń yọ 0.015 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni náà lọ sùn, ó jí ní aago mẹ́rin, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́, kò fẹnu kan ìgò kankan ní òwúrọ̀ náà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ní aago márùn-ún, nígbà tí èrò kún bọ́ọ̀sì rẹ̀, tí ìyá kan sì ń gbàdúrà ìrìn-àjò láti àga ẹ̀yìn, nǹkan bíi 0.065 ni ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní ẹnu géètì tí yóò ní kí ó fẹ́ èémí.